Igi Alásìkò Mẹ́rin

Ọmọ méjì ni ìyá mi ní láyé. Èmi ni àkọ́bí, igi ni èkejì. Ẹni tó bá rò pé mò ń ṣàwàdà, kó lọ béèrè lọ́wọ́ àwọn òṣìṣẹ́ ọgbà ewéko tí ìyá mi ti lo gbogbo ọjọ́ ayé rẹ̀. Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí mo bá yà síbẹ̀ láti ilé ìwé, ohun tí wọ́n fi ń kí mi ni pé àbúrò mi ti so èso, tàbí pé àbúrò mi ń pa àwọ̀ dà, kí n lọ wò ó. Èmi náà á bá wọn rẹ́rìn-ín. Ọmọ ọdún mẹ́jọ ti mọ ìgbà tó yẹ kí òun rẹ́rìn-ín.

Iṣẹ́ ìyá mi ni láti mú irú ewéko tuntun jáde, irú tí ẹnikẹ́ni kò tíì gbìn rí. Kì í ṣe idán. Á fi búrọ́ọ̀ṣì kékeré gba lẹ́búlẹ́bú lára òdòdó igi kan, á lọ fi kan òdòdó igi mìíràn, á wá fi àpò bébà kékeré bo òdòdó náà kí oyin má baà wá dá sí ọ̀rọ̀ tí kò kàn án. Nígbà tó bá so, á gbin hóró rẹ̀, á dúró, á wo àwọn ọmọ tó hù, á mú èyí tó wù ú, á sì fa ìyókù tu sọ sórí ààtàn. Alárinà ni wọ́n ń pè é nínú ọgbà, nítorí pé òun ló ń bá àwọn òdòdó wá ọkọ. Orúkọ náà dùn mọ́ ọn nínú. Ó ní òun sàn ju àwọn alárinà ènìyàn lọ, torí pé bí ìgbéyàwó tí òun bá dá sílẹ̀ kò bá dáa, ààtàn kò jìnnà.

Ohun tó ń wá rèé. Àwọn oníbàárà ọgbà náà máa ń ráhùn pé igi òdòdó tí àwọn rà yóò tanná fún ọ̀sẹ̀ méjì, lẹ́yìn náà yóò wá dúró síwájú ilé títí ọdún yóò fi yípo, bí àlejò tó jẹun tán tí kò mọ̀ pé ó yẹ kí òun máa lọ. Ìyá mi ní òun yóò mú igi kan jáde tí kò ní sí àsìkò kan nínú ọdún tí ojú kò ní rí nǹkan wò lára rẹ̀: òdòdó funfun nígbà tí ewé bá ń rú, ewé aláràbarà nígbà ooru, èso dúdú tó ń dán nígbà tí ewé bá ń já, àti èèpo ara tó pọ́n dẹ̀dẹ̀ nígbà òtútù tí ewé kò bá sí mọ́. Ọmọ ọdún méje ni mí nígbà tó gbin hóró àkọ́kọ́. Ọmọ ọdún mọ́kàndínlọ́gbọ̀n ni mí nígbà tó sọ pé òun ti ṣe é tán.

Láàárín ọdún méjìlélógún yẹn, tábìlì kan ṣoṣo ló wà nílé wa tí ìmọ́lẹ̀ ojú fèrèsé ń kàn, àwọn ọmọ igi ló sì ń gbé orí rẹ̀. Ilẹ̀ ni mo ti ń ṣe iṣẹ́ àṣetiléwá. Gbogbo ọjọ́ Sátidé, ìyá mi á mú rúlà, á wọn gíga àwọn ọmọ igi náà lọ́kọ̀ọ̀kan, á kọ ọ́ sínú ìwé. Ìyá bàbá mi, tó ń bá wa gbé lẹ́yìn ikú bàbá mi, ló máa ń kíyè sí i pé bàtà mi ti há. Ìyá àgbà á ní, "Ìyàwó mi, ọmọ yìí náà ń ga o." Ìyá mi á gbójú sókè, á wò mí bí ẹni pé ẹnìkan ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé mi wọlé ni, á ní lóòótọ́ ni. Lọ́jọ́ kejì á ra bàtà. N kò lè sọ pé ebi pa mí tàbí pé wọ́n fìyà jẹ mí. Ohun tí mò ń sọ ni pé ojú ìyá mi kì í dúró lára mi. Ó máa ń gba ara mi kọjá lọ síbi fèrèsé ni.

Nígbà tí mo dàgbà, mo kọ́ ẹ̀kọ́ nípa àìsàn tó ń ṣe ewéko, ìjọba sì gbà mí sí ọ́fíìsì tó ń yẹ irúgbìn wò. Ewéko tuntun kan kò gbọdọ̀ dé ọjà láìjẹ́ pé àwa ti yẹ̀ ẹ́ wò, ká sì kọ ọ́ sílẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Àwọn ẹbí ní ọmọ tí ẹkùn bí, ẹkùn ni yóò jọ. Mo jẹ́ kí wọ́n máa wí. Òótọ́ ibẹ̀ ni pé mò ń wá ibi tí mo lè dúró sí tí ìyá mi á fi rí mi, ẹ̀gbẹ́ ewéko nìkan ni mo sì mọ̀ pé ojú rẹ̀ máa ń dúró sí.

Ewé tí wọ́n bá fi ránṣẹ́ sí wa kì í bá orúkọ wá. Nọ́ńbà ló máa ń wà lára ọ̀rá tí wọ́n dì í sí, kí ojúsàájú má baà wọ̀ ọ́. Ní òwúrọ̀ ọjọ́ Ajé kan nígbà ooru, mo tú ọ̀rá kan, mo bá ewé mẹ́fà nínú rẹ̀, ewé tó ní ìlà yẹ́lò tẹ́ẹ́rẹ́tẹ́ẹ́rẹ́ láti ìdí dé ṣóńṣó, bí ẹni pé ẹnìkan jókòó fi ọwọ́ fà wọ́n. Ta ni kì í dá àbúrò rẹ̀ mọ̀? Ó yẹ kí n di ọ̀rá náà padà, kí n gbé e fún ẹnìkejì mi nínú yàrá àyẹ̀wò, ọkùnrin kan tí a ń pè ní Awò nítorí awò ojú rẹ̀ tó nípọn. Òfin ọ́fíìsì wa nìyẹn. N kò ṣe bẹ́ẹ̀. Èmi fẹ́ jẹ́ ẹni tó máa kọ ọ́ pé ó dára. Mo ti ń gbọ́ ohùn ara mi lórí fóònù pé, Màámi, èmi ni mo yẹ̀ ẹ́ wò o.

Mo lọ ewé náà, mo po omi rẹ̀, mo gbé e sínú ẹ̀rọ. Ó di ọ̀sán kí èsì tó jáde. Àrùn wà lára rẹ̀. Kì í sì í ṣe àrùn kékeré. Irú èyí ni, tí kòkòrò funfun tí kò tó orí abẹ́rẹ́ ń gbé kiri, tó ń wọ oko tòmátì àti oko ata, tó sì ń sọ wọ́n di igi tí kò lè so mọ́. Ìlà yẹ́lò tó dùn ún wò yẹn, àmì àrùn ni. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kejì. Mo tún un ṣe lẹ́ẹ̀kẹta. Kí n má parọ́: nígbà tí ẹ̀ẹ̀kẹta jáde, ọkàn mi bàjẹ́, ṣùgbọ́n lábẹ́ ìbànújẹ́ náà nǹkan kékeré kan wà tó rẹ́rìn-ín. Mo kórìíra nǹkan náà títí di òní, ṣùgbọ́n èmi ló ni ín, n kò lè sọ pé ti ẹlòmíràn ni.

Ìgbà yẹn ni mo tó lọ bá Awò, mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un, bí mo ṣe dá ewé náà mọ̀ àti bí mo ṣe rú òfin. Kò bá mi wí. Ó kàn gba ewé tó kù lọ́wọ́ mi, ó ṣe àyẹ̀wò tirẹ̀, ohun tí mo rí lòun náà rí. Ẹni tó bá mú ewéko tuntun wá gbọ́dọ̀ fi ìwé ìtàn rẹ̀ tì í, láti orí hóró àkọ́kọ́. Awò ṣí fáìlì náà, ó wo ojú ewé kan, ó wá rọra tì í sí iwájú mi.

Ọwọ́ ìyá mi ni. Ní ọdún kejìlá, ó kọ ọ́ pé igi kan ní ẹsẹ̀ ebè kẹfà ti yọ ìlà yẹ́lò nínú ooru, pé ojú òun kò rí ohun tó dára tó bẹ́ẹ̀ rí, pé àsìkò tó kù tí òun ń wá ti dé. Ní ọdún kẹtàlá, ó kọ ọ́ pé òun gé ẹ̀ka lára igi náà, òun sì so ó mọ́ ara àwọn igi yòókù, igi lẹ́yìn igi, pẹ̀lú ọ̀bẹ kan náà. Ó ní gbogbo wọn ti ń tẹ̀lé e, ìlà ti ń yọ lára wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Ayọ̀ hàn nínú bó ṣe kọ ọ́.

Ọmọ tó bá wà ní ọdún àkọ́kọ́ nílé ẹ̀kọ́ wa mọ̀ pé àwọ̀ kì í ràn. Bí o bá so ẹ̀ka igi òdòdó pupa mọ́ ara igi òdòdó funfun, kálukú á máa yọ tirẹ̀ ni. Ohun tó bá kúrò lára ẹ̀ka lọ sára igi tó gbà á lálejò, àìsàn ni. Ìyá mi mọ̀ ọ́n. Òun gan-an ló kọ́ mi, nígbà tí mo wà ní ọmọ ọdún mẹ́wàá, níbi tí mo jókòó sí nílẹ̀. Ṣùgbọ́n ó ti wá àsìkò yẹn fún ọdún méjìlá, nígbà tó sì yọjú sí i, kò bi í léèrè ibi tó ti ń bọ̀. Ìwé ọdún kẹrìnlá ló dùn mí jù. Ó ní igi mẹ́tàléláàádọ́rin kọ̀, wọn kò yọ ìlà kankan, wọ́n kàn dúró tútù bí wọ́n ṣe wà, òun sì ti fa gbogbo wọn tu. Àwọn tí ara wọn le nìyẹn. Àwọn ló sọ sórí ààtàn.

Lẹ́tà ọ́fíìsì máa ń gba ọ̀sẹ̀ kan kí wọ́n tó lù ú ní òǹtẹ̀. N kò lè jẹ́ kó jẹ́ pé lẹ́tà ni yóò sọ fún un, mo bá pè é lórí fóònù. Mo sọ gbogbo rẹ̀ fún un. Ó ní òun gbọ́. Lọ́jọ́ kejì ó wá sí ọ́fíìsì wa.

Ọdún márùn-ún ni mo ti lò níbẹ̀, kò dé ibẹ̀ rí. Ó wọ aṣọ tó fi ń ròde, ó gbé báàgì rẹ̀ lé orí itan, ó wo àwọn ẹ̀rọ, ó wo àwọn ìgò, lẹ́yìn náà ó wò mí. Ó wò mí pẹ́. Mo lè ka iye ìgbà tí ìyá mi ti wò mí bẹ́ẹ̀ lórí ìka ọwọ́ kan, ìka á sì ṣẹ́kù.

"O ti rù," ó ní.

Ọ̀rọ̀ yẹn fẹ́rẹ̀ẹ́ pa mí lẹ́kún. Mo sáré bu omi fún un kó má baà rí ojú mi.

Ó ní òun kò wá jà. Ìpàtẹ ewéko ku ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Ọ̀gá tó ni ọgbà ti pe àwọn oníròyìn, wọ́n ti kan pèpéle, òun ni yóò sì gun orí rẹ̀ láti sọ orúkọ tí òun fún igi náà. Nínú iṣẹ́ wọn, ẹni tó mú ewéko jáde ló ń sọ ọ́ lórúkọ, orúkọ náà kì í sì í yí padà mọ́ títí ayé. Ó sọ orúkọ náà fún mi, ó ní èmi ni ẹni àkọ́kọ́ tó gbọ́ ọ. Ẹwàkìíṣá ni.

"Ọ̀sẹ̀ mẹ́ta péré," ó ní. "Fi ìwé yẹn sínú dúrọ́ọ̀. Jẹ́ kí n sọ ọ́ lórúkọ lójú gbogbo ayé. Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ ṣe é bó ṣe wù yín."

"Màámi, ọjọ́ tí ẹ bá sọ ọ́ lórúkọ náà ni wọ́n máa tà á. Ẹgbẹ̀ta ìkòkò ló wà nílẹ̀. Kí oṣù tó parí, á ti wọnú oko olóko."

"Ta ló sọ pé àrùn ni? Ó ti pé ọdún mẹ́wàá lára rẹ̀, kò pa á. Ewé tó bá pẹ́ lára ọṣẹ, á di ọṣẹ. Ara rẹ̀ nìyẹn, bó ṣe máa ń rí nìyẹn."

"Ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé àwọ̀ kì í ràn."

Mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà ti wọlé, pé kò ní lè jáde mọ́. Ṣùgbọ́n obìnrin tó fi ọdún méjìlélógún dúró de igi kì í tètè dìde kúrò ní ìjókòó. Ó rọra fi ọwọ́ lé ọwọ́ mi lórí tábìlì, ọwọ́ rẹ̀ tí ọ̀bẹ ti ya káàkiri.

"Ọmọ ẹni kì í ṣèdí bẹ̀bẹ̀rẹ̀," ó ní, "ká lọ fi ìlẹ̀kẹ̀ sí ìdí ọmọ ẹlòmíràn. Àwọn olóko tí o ń sọ yìí, kí ni wọ́n jẹ́ sí ẹ?"

Àwọn tó ń pa òwe náà pọ̀, n kò sì bá òwe jà rí. Ṣùgbọ́n lọ́jọ́ yẹn ó bá mi níbi tí egbò ti wà tẹ́lẹ̀. Mo bi í pé, "Ọmọ wo lẹ ń sọ, Màámi?"

Ó wò mí bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tí mò ń sọ. Mo gbà gbọ́ pé kò gbọ́ ọ lóòótọ́. Ó ní, "Iṣẹ́ mi ni mò ń sọ. Kí lo rò pé mò ń sọ?"

Mo fa ọwọ́ mi kúrò. Mo ní n kò lè fi ìwé náà sínú dúrọ́ọ̀. Ó gbé báàgì rẹ̀, ó dìde, kò mu omi tí mo bù fún un. Nígbà tó dé ẹnu ọ̀nà, ó dúró wo òdòdó kékeré kan tí Awò gbìn sínú ife lójú fèrèsé, ó fi ìka kan iyẹ̀pẹ̀ rẹ̀, ó ní kí ẹni tó ni ín bomi rin ín. Lẹ́yìn náà ó jáde.

Lẹ́tà ọ́fíìsì wa fún ọgbà náà ní ọjọ́ mẹ́rin láti sun gbogbo igi náà. Awò ní òun á lọ dúró tì wọ́n, kí èmi jókòó sí ọ́fíìsì. Mo kọ̀. Ẹni tó bá gé igi gbọ́dọ̀ lè dúró níbi tó ń wó sí. Ṣùgbọ́n kí n tó lọ, mo gba ìwé àṣẹ lọ́wọ́ ọ̀gá wa pé kí n gé ẹ̀ka mẹ́jọ wá sí yàrá àyẹ̀wò nínú àpótí tí a dì pa. Ọ̀nà kan wà tí a fi ń wẹ àrùn kúrò lára igi. Orí ọ̀mùnú ẹ̀ka máa ń yára dàgbà ju bí àrùn ṣe ń yára rìn lọ. Bí ènìyàn bá fi abẹ kékeré gé ibi tó ga jù lórí rẹ̀, tí kò ju hóró iyanrìn lọ, tó sì tọ́ ọ nínú ìgò, ó lè jẹ́ pé àrùn kò tíì dé ibẹ̀. Nínú ogójì, ẹyọ kan lè yè. Ó sì lè má sí ẹyọ kan. N kò sọ fún ìyá mi, torí pé n kò fẹ́ fi ìrètí tó lè kú dá a lára yá.

Wọ́n kó ìkòkò igi jọ sí ẹ̀yìn ọgbà, níbi ààtàn. Ọ̀gá tó ni ọgbà ń rìn lọ rìn bọ̀, ó ń sọ fún gbogbo ẹni tó bá fẹ́ gbọ́ pé ilé ọba tó jó, ẹwà ló bù sí i, pé ohun tó dáa ju èyí lọ ń bọ̀. Igi àkọ́kọ́, èyí tó wà ní ẹsẹ̀ kẹfà, ìyá mi ní kí ẹnikẹ́ni má fọwọ́ kàn án. Òun fúnra rẹ̀ ló fi ṣọ́bìrì wa ìdí rẹ̀, ó gbé e mọ́ àyà tòun ti iyẹ̀pẹ̀, ó rìn kọjá láàárín wa, ó sì tẹ́ ẹ sórí òkìtì náà. Kò jù ú. Àwọn òṣìṣẹ́ tí wọ́n ti fi àbúrò mi ṣe yẹ̀yẹ́ fún ogún ọdún kò lè wo ojú mi. Ọ̀kan nínú wọn sọ wẹ́rẹ́ pé, "Ẹ pẹ̀lẹ́, Alárinà."

Nígbà tí iná ti ràn dáadáa, ìyá mi gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá. Ó ní, "O ti ṣe iṣẹ́ ẹ." Kò fi ìbínú sọ ọ́. Ìbínú ni ì bá tẹ́ mi lọ́rùn jù.

Lẹ́yìn ìyẹn, ọgbà náà gbé ìyá mi lọ síbi tí wọ́n ti ń ta koríko tí àwọn ènìyàn fi ń tẹ́ iwájú ilé, koríko tó jẹ́ bákan náà lóṣù méjìlá. Wọ́n ní kó máa sinmi. Ọ́fíìsì tèmi gbé mi ga, wọ́n fún mi ní àga tó ń yí. Èmi àti ìyá mi ń sọ̀rọ̀ lórí fóònù lẹ́ẹ̀kan lóṣù: ṣé àlàáfíà ni, àlàáfíà ni, ó dáa bẹ́ẹ̀.

Ogójì orí ọ̀mùnú ni mo gé. Ọjọ́ ìsinmi mi ni mo fi ń ṣe é, mo máa ń jókòó nídìí awò asọ-nǹkan-di-ńlá títí ọrùn mi á fi gan. Mẹ́rìndínlógún kú láàárín ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Èébu mú mọ́kànlá, wọ́n jẹrà. Àwọn kan dàgbà, mo dunnú, mo yẹ̀ wọ́n wò, àrùn ṣì wà níbẹ̀, mo fi ọwọ́ ara mi dà wọ́n nù. Ẹyọ kan ṣoṣo ló yè. Mo yẹ̀ ẹ́ wò lẹ́ẹ̀marùn-ún láàárín ọdún kan ó lé, Awò náà yẹ̀ ẹ́ wò, ó sì kọ ọ́ sílẹ̀ lọ́wọ́ ara rẹ̀ pé ara rẹ̀ le. Mo gbé e sínú ìkòkò. Ó yọ òdòdó funfun, ó so èso dúdú tó ń dán, èèpo rẹ̀ pọ́n dẹ̀dẹ̀ nígbà òtútù. Nígbà ooru, ewé rẹ̀ tutù yọ̀yọ̀, láìní ìlà kan. Gbogbo rẹ̀ gba ọdún mẹ́ta.

Ìgbà ooru náà ni mo gbé e lọ fún ìyá mi. Ẹni tó bá gbọ́n á dúró dìgbà tó bá tanná. Mo lè sọ pé ìkánjú ni, ṣùgbọ́n kì í ṣe ìkánjú nìkan. Mo fẹ́ kó rí i nígbà tí kò ní ohunkóhun láti fi hàn án, kó sì tẹ́wọ́ gbà á bẹ́ẹ̀. Ohun kan ṣoṣo tí mo fẹ́ láyé lọ́jọ́ yẹn nìyẹn.

Ọ̀sán ni. Ìyá mi jókòó lórí garawa tó dojú dé, lẹ́gbẹ̀ẹ́ àwọn koríko tí wọ́n ká jọ bí ẹní. Ó ti rí igi náà kí n tó dé ọ̀dọ̀ rẹ̀. Ó dìde. Ó gba ìkòkò náà lọ́wọ́ mi, mo ní ọ̀rọ̀ ti bùṣe. Ó gbé e kalẹ̀, ó bẹ̀rẹ̀ sí í yí àwọn ewé náà lójú lọ́kọ̀ọ̀kan, iwájú àti ẹ̀yìn, títí ó fi kan èyí tó kéré jù. Mo mọ ohun tó ń wá.

"Òun ni, Màámi," mo ní. "Ọ̀kan tó yè nínú ogójì. Àrùn ti kúrò lára rẹ̀ pátápátá. Ẹ lè sọ ọ́ ní orúkọ tí ẹ ti mú fún un báyìí, kò sí ẹni tó máa dá yín dúró."

"Ìlà rẹ̀ ńkọ́?"

"Ìlà yẹn gan-an ni àìsàn. Ó ń tanná, ó ń so, ara rẹ̀ ń pọ́n nígbà òtútù. Nígbà ooru á kàn dúró tútù. Ara rẹ̀ le."

"Ara rẹ̀ le." Ó tún un wí, bí ẹni tó ń tọ́ ọbẹ̀ wò. "Kó wá máa ṣe kí ni?"

Mo ní ó kàn wà láàyè ni. Mo ní mo rò pé ìyẹn ti tó fún oṣù mẹ́ta.

Ó ronú sí i. Kì í ṣe pé ó fi ojú pa á rẹ́, ìyẹn ló dùn mí. Ó fi ara balẹ̀ wò ó bó ṣe máa ń wo àwọn ọmọ igi lórí tábìlì, ó sì fi ohùn kan náà sọ̀rọ̀, ohùn iṣẹ́, ohùn tí kò ní ìkà nínú.

"Kò burú," ó ní. "Ó kàn wà bẹ́ẹ̀ ni. Gbé e padà lọ sílé ẹ. Tó bá ti tanná, kó o gbé e wá kí n wò ó."

Oníbàárà kan ti dé, ó ń béèrè koríko. Ìyá mi nu ọwọ́ rẹ̀ sára aṣọ iṣẹ́, ó lọ dá a lóhùn. Mo dúró fún ìgbà díẹ̀, bóyá á bojú wẹ̀yìn. Ó ń fi ọwọ́ wọn koríko fún obìnrin náà, ó ń ṣàlàyé bí wọ́n ṣe ń bomi rin ín. Mo gbé ìkòkò náà, mo lọ.

Mo gbìn ín sí abẹ́ fèrèsé yàrá mi. Ó ti tanná lẹ́ẹ̀mẹta láti ọjọ́ náà. Ní ìkẹta, ìyá mi fúnra rẹ̀ ló pè mí, ohun tí kì í ṣe, ó ní ṣé igi yẹn ti tanná. Mo na ọwọ́ pa fèrèsé dé, òdòdó bo gbogbo ojú rẹ̀ tó bẹ́ẹ̀ tí díẹ̀ há sínú.

Mo ní, "Rárá o, Màámi. Kò tíì tanná."